Ìdákẹ́jẹ́ nínú fíìmù àti nínú àlọ́
Ìpolówó fíìmù adẹ́rùbani, irú èyí tí àwa ọmọ Ifẹ̀ (Àná) ní agbègbè Atakpamé ń wò lórí fóònù, kì í sábà ju ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta lọ. Olóòtú á kọ́kọ́ jẹ́ kí àwòrán pẹ́ lójú wa, á wá máa gé e kúkúrú bí ìlù ṣe ń yára. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. A rí ọwọ́ lórí ilẹ̀kùn. A kò rí ẹni tó ni ín.

Ọgbọ́n apààlọ́ nìyẹn: tó bá dé ibi tó le, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó dá orin. Nítorí náà, bí a bá ń gba àlọ́ àwọn àgbà wa sílẹ̀, kí a má ṣe gé ìdákẹ́jẹ́ wọn dànù. Òun ló ń mú kí ọmọdé béèrè pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”