Ìgèrè, Àwọ̀n àti Òfin Odò

Iṣẹ́ oko ni a mọ àwa Ìgbómìnà sí, àwa tí àdá ogbó baba wa mọ̀nà. Síbẹ̀ àgbẹ̀ Ìlá Ọ̀ràngún tí oko rẹ̀ bá súnmọ́ odò a máa dẹ ìgèrè sómi ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó lọ wò ó ní òwúrọ̀. Ìgèrè kì í lé ẹja. Ẹja ni ó ń wọ inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tí a hun sínú kò sì jẹ́ kí ó jáde mọ́. Nítorí pé irú ohun ìdẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹni tí ó dẹ ẹ́ ń sùn, ó yẹ kí òfin máa ṣọ́ ọ.

Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù a máa kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í jẹ irúgbìn tán kí a tún máa retí ìkórè. Ní Adágún Kainji, ínǹṣì 3, ó kéré tán, ni òfin fi lélẹ̀ fún ojú àwọ̀n. Ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, èèwọ̀ ni ẹja pípa pátápátá. Lójú tèmi, èyí tí ó burú jù ni àwọ̀n tí a gbàgbé sómi, tí ń pa ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ.