Àwọn Èèyàn Inú Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pinnu Ìgbà Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ

Ní Netherlands, ètò ìjọba ni pé kí wọ́n máa fi lẹ́tà pe àwọn obìnrin ẹni 50 sí 75 ọdún lọ́dún méjì méjì, kí wọ́n wá ya fọ́tò ọmú lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá jẹjẹrẹ ti sá pamọ́ síbẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún méjì, tí kì í ṣe ọ̀kan tàbí mẹ́ta?

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi èèyàn gidi dán gbogbo rẹ̀ wò, ó lè gba ogún ọdún. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí ní Rotterdam fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní MISCAN ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó máa ń dá ẹgbàágbèje èèyàn tí kò sí láyé, tòun ti ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú kálukú.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan nínú wọn. Jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ni ọdún 52. Tí kò bá ṣàyẹ̀wò, á fọwọ́ kan kókó lẹ́ni 57, á kú lẹ́ni 62. Wọ́n dá ayé rẹ̀ padà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ni 54: ó dàgbà darúgbó. Aládùúgbò rẹ̀ ńkọ́? Jẹjẹrẹ tirẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Àrùn ọkàn ni ì bá pa á láìmọ̀ pé jẹjẹrẹ wà lára òun. Àyẹ̀wò sọ ọ́ di aláìsàn lásán. Èrè àti òfò yìí ni wọ́n ń gbé lé ìwọ̀n kí wọ́n tó yan iye ọdún tó yẹ kó wà láàárín àyẹ̀wò kan àti òmíràn.

Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ irú àwọn oníṣirò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2000, CISNET. Lọ́dún 2005, ọ̀wọ́ méje nínú wọn ṣírò ipa tí àyẹ̀wò kó nínú bí ikú jẹjẹrẹ ọmú ṣe dín kù. Ọ̀kan ní ìdá 28 nínú 100, òmíràn ní 65. Síbẹ̀, kò sí èyí tó ní kò ṣàǹfààní.

Ìṣirò sì lè tàsé. Nígbà tí Netherlands bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún jẹjẹrẹ ìfun lọ́dún 2014, ìṣirò ní nǹkan bí èèyàn mẹ́fà nínú 100 ni wọ́n máa bá ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn. Àmọ́ iye wọn lé ní mẹ́wàá. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun wọn pọ̀ ju ohun tí ọsibítù lè gbà lọ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti sún ààlà ẹ̀jẹ̀ náà sókè, láti máíkírógíráàmù 15 sí 47 nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan.

Nítorí náà, oníṣirò tó bá gbé iye kan wá síwájú ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé e kà.