Èémí ni, kì í ṣe Ẹ̀mí: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìdárayá Àwọn Ará Ṣáínà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èdè Yorùbá ṣe ń gba ohun àjèjì wọlé, kí ó lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Orúkọ ẹ̀yà ni àwọn ará ibẹ̀ yá. Wọn kò yá ohun tí ẹ̀yà ń ṣe. Kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, bíréèkì kò mú, bátìrì ti kú, ẹ́ńjìnì ń hó: ọ̀rọ̀-orúkọ ti òkèèrè wá, ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ti ilé. Àwọn oníṣòwò Èkó a máa lọ ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń péjọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń na apá, tí wọ́n ń yí ìbàdí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó wà nínú omi. Bí oníṣòwò bá padà délé, kí ni yóò pe ohun tó rí?

Ìṣòro kìíní wà nínú orúkọ fúnra rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń kọ ọ́ ní “tai chi”, wọ́n sì tún ń kọ “chi” fún èémí. Nítorí náà ni àwọn kan fi rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nínú àkọtọ́ pinyin tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní 1958, “taiji” ni èkíní, tí í ṣe òpin tó ga jùlọ. “Qi” ni èkejì. “Quan” tó máa ń tẹ̀lé taiji túmọ̀ sí ìkúùkù, nítorí ọ̀nà ìjà ni kí ó tó di ìdárayá. Abúlé Chenjiagou ní ìpínlẹ̀ Henan lókìkí fún un láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Oríṣi kúkurú tó ní ìṣísẹ̀ 24, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́ lónìí, kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀: ní 1956 ni ìjọba ṣe é jáde. Ẹni tó bá pe taiji ní “èémí ńlá” ti ṣìnà. Kí táìjì máa jẹ́ táìjì, bí kílọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Qi ló ṣòro. Àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ láyé àtijọ́ ní ìrẹsì nísàlẹ̀ àti ooru tó ń gòkè lórí rẹ̀. Bí a bá fi í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò, yóò di “ṣí” tàbí “ṣì”, tí iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sì sá lọ bá “ẹ̀mí”. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìyá àgbà tó bá gbọ́ “iṣẹ́ ẹ̀mí” yóò rò pé ẹ̀sìn mìíràn ni wọ́n ń pe òun sí, yóò sì padà sílé. Àdánù rẹ̀ kò kéré. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, tí wọ́n ṣe ní Atlanta pẹ̀lú 200 àgbàlagbà tó ti pé 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu àtiṣubú léraléra fi ìdá 47.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó kọ́ táìjì fún ọ̀sẹ̀ 15. Ní 2012, ìwádìí mìíràn lórí 195 alárùn Parkinson fi hàn pé ó mú kí ìdúró wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i.

“Èémí” ni kí onítumọ̀ mú. Lóòótọ́, qi gbòòrò ju èémí lọ: àwọn ará Ṣáínà gbà pé òun ló di òkè àti odò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìdárayá kò kọ́ni ní òkè àti odò. Qigong, orúkọ tí Liu Guizhen sọ di mímọ̀ fún ìtọ́jú aláìsàn ní àwọn ọdún 1950, lè jẹ́ “ìfèémídárayá”.

Àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Tao yàtọ̀. Ẹ̀sìn ni, kò sì yẹ kí onítumọ̀ fi í pamọ́. “Zuowang”, tí Sima Chengzhen kọ̀wé lé lórí ní ọ̀rúndún kẹjọ, túmọ̀ sí kí ènìyàn jókòó kí ó sì gbàgbé. “Ìjókòó-gbàgbé” bá a mu láìyọ ohunkóhun kúrò. Ní ti “dantian”, ibi tí wọ́n ní kí èémí sọ̀ kalẹ̀ sí, oko òkúta pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Nínú ìwé ìdárayá, “abẹ́ ìdodo” ti tó. Kí oko náà wà fún ìwé ẹ̀sìn.