Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Tíì Parí àti Owó Àwọn Tó Gbà Á Gbọ́

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Ẹdẹ kọjá, jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń ké lẹ́yìn báńkì, katakata tó ń la títì: dísù ni gbogbo wọn ń mu. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló hùmọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni bí àwọn tó náwó sí i ṣe dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n lè fọwọ́ bà.

Diesel gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1893. Iléeṣẹ́ ẹ̀rọ kan nílùú Augsburg, tí Heinrich Buz ń darí, gbà láti bá a kọ́ ọ. Krupp, iléeṣẹ́ irin ńlá, náà dá owó sí i. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀ bú gbàù, ẹ́ńjìnnì náà kò sì lè dá yí. Ó di oṣù Kejì ọdún 1894 kó tó dá yí, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré ló sì fi yí kó tó dákẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọdún mẹ́ta mìíràn ni wọ́n fi ń tú u, tí wọ́n ń tò ó, tí wọ́n ń pààrọ̀ irin inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1897, wọ́n pe ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ Munich pé kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí rí i pé bí a bá pín ooru tó wà nínú epo sí ọ̀nà 100, ẹ́ńjìnnì Diesel ń sọ bí 26 di iṣẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì ooru omi tó wọ́pọ̀ nígbà náà kò ju nǹkan bí 10 lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn àwọn olówó tó balẹ̀, nítorí pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Diesel ló kéde èsì náà.

Irú iṣẹ́ bíi ti Diesel yìí ni iléeṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí náà ń ṣe. Ó kéré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ̀rọ tuntun ló fẹ́ gbé jáde, kò sì tíì ní ọjà kankan tó lè tà. Owó oṣù àwọn ẹnjiníà rẹ̀, owó irin, owó iná, láti àpò àwọn tó gbà á gbọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà, yàtọ̀ sí kíkọ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ kejì wà lọ́rùn olórí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ máa jáde sí àwọn olùdókòwò rẹ̀ lóòrèkóòrè, kó sọ ibi tí iṣẹ́ dé, kó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti di onírọ́. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti kó owó lọ.

Kò yẹ kí ará Ẹdẹ rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan lèyí. Ìlú yìí ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1992, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adeleke sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ẹ̀rọ ń jáde lọ́dọọdún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé àwòrán ẹ́ńjìnnì tuntun wá lọ́la, tó ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú dá owó sí i, kí ló yẹ kí wọ́n bi í?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni "ìgbà wo ló máa parí?" Ẹ́ńjìnnì kì í sábà parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, ìdádúró nìkan kò sì sọ ẹnikẹ́ni di gbájúẹ̀. James Watt, ará Scotland, ti ní èrò bí ẹ́ńjìnnì ooru omi á ṣe dára sí i láti ọdún 1765, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1769. John Roebuck tó dá owó sí i wọ gbèsè ní 1773 kí ẹ̀rọ náà tó mú èrè wá, Matthew Boulton ló sì gba ìpín rẹ̀. Èrò Watt kò ní àbùkù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè gbẹ́ ihò sílíńdà kó rí róbótó dáadáa, nítorí náà ooru ń jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì jáde. Àfi ìgbà tí John Wilkinson hùmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ inú ìbọn àgbá ní 1774, tí wọ́n sì fi irú ọgbọ́n kan náà gbẹ́ sílíńdà, ni ọ̀ràn náà tó yanjú. Ní 1776, ẹ́ńjìnnì méjì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, ibi yìí ló kàn wá jù. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ ni ìyá gbogbo ẹ́ńjìnnì. Ní Òṣogbo tó múlé gbe Ẹdẹ, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní ọdún 1980 fún iṣẹ́ yìí gan-an, kó máa ṣe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, tí wọ́n fi ń gé e, tí wọ́n fi ń lu ihò sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n retí lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ gan-an ju èyí tó ṣe lọ. Ní Iléṣà, PEDI, iléeṣẹ́ kan lábẹ́ NASENI, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà láti máa kọ́ àkọ́ṣe àwọn ẹ̀rọ tuntun. Bí ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan bá sọ fún àwọn olùdókòwò rẹ̀ pé òun ṣì ń dúró de sílíńdà láti Ṣáínà, kò ṣeé ṣe kí wọ́n bínú sí i láìbi ìjọba léèrè ìdí tí kò fi lè rí i gbẹ́ ní Òṣogbo.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìdádúró wọn kò ní ìdí kankan ju ẹ̀tàn lọ, kò sì sí àpẹẹrẹ tó tó ti John Keely, ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1872, wọ́n dá iléeṣẹ́ Keely Motor sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó sọ pé òun ti rí agbára tuntun kan tó fara sin sínú omi àti afẹ́fẹ́, pé omi díẹ̀ lè wa ọkọ̀ ojú irin láti ìlú kan dé òmíràn. Àwọn oníṣòwò ńlá ra ìpín nínú rẹ̀. Keely a máa pè wọ́n wá síbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á rí irin tó ń tẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú ìrètí. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé èrè kò dé, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn onípìn-ín kan fẹ́ já a sílẹ̀, opó ọlọ́rọ̀ kan, Clara Bloomfield-Moore, ló ń bá a gbọ́ bùkátà. Ní 1888, ilé ẹjọ́ ní kó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀.

Ọdún 26 ló fi ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀. Ó kú ní 1898 láìta ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Àwọn Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1899, ọmọ Bloomfield-Moore àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọ ilé náà lọ, wọ́n tú pákó ilẹ̀, wọ́n sì bá òdù irin ńlá kan tó wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn páìpù tíntìntín tó fara pamọ́. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí Keely tẹ̀ mọ́ inú òdù náà ló ń yí àwọn ẹ̀rọ òkè. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, kò fìgbà kan jẹ́ kí aláìlẹ́tanú wá wọn ẹ̀rọ náà bí Schröter ṣe wọn ti Diesel. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ayé ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wo Nikola, iléeṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí Trevor Milton dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, wọ́n gbé fídíò kan jáde níbi tí ọkọ̀ wọn ti ń sáré lójú títì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìwádìí Hindenburg tú àṣírí pé orí òkè ni wọ́n ti tì í sílẹ̀, tó ń yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò lè fi agbára ara rẹ̀ rìn. Milton kúrò nípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2022, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un ní 2023, kí Ààrẹ Trump tó dárí jì í ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, Nikola fúnra rẹ̀ ti sá wọ ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́.

Nílẹ̀ tiwa, ìtàn náà dùn díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adetayo Bamiro àti Chinedu Azodoh dá MAX sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, iṣẹ́ fífi ọ̀kadà gbé ẹrù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, wọ́n rí 7 mílíọ̀nù dọ́là gbà, Yamaha sì wà lára àwọn tó dá a, wọ́n sì kéde pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀kadà oníbátìrì wò. Kò pẹ́ sígbà náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti agbègbè ìdàgbàsókè mẹ́sàn-án. Iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ní ì bá ti túká. MAX padà sídìí gbígbé ẹrù, ó ń bá iṣẹ́ ọ̀kadà oníbátìrì náà lọ, ó sì tún rí 31 mílíọ̀nù dọ́là gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, iléeṣẹ́ Spiro, tó kọ́kọ́ ń jẹ́ M Auto, fi ọ̀kadà oníná sójú títì Cotonou àti Lomé, ibùdó tí ọlọ́kadà ti ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ sì wà láàárín ìlú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó kéde 100 mílíọ̀nù dọ́là tuntun, tí 75 nínú rẹ̀ wá láti FEDA, ẹ̀ka báńkì Afreximbank. Àwọn wọ̀nyí fi àwọn olówó wọn lọ́kàn balẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹnikẹ́ni lè gùn. Síbẹ̀, ohun tó ṣeé gùn nìkan kò tó: Mobius ti orílẹ̀-èdè Kenya kọ́ ọkọ̀ jáde, ó tà á, síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ó ní òun fẹ́ kógbá sílé, kí olùrà kan tó yọjú.

Òfin Nàìjíríà ní ohun tó sọ sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí àwọn tó ń jó lẹ́yìn sogúndogójì mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020, iléeṣẹ́ aládàáni kò gbọ́dọ̀ ní ju onípìn-ín 50 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ pe gbogbo ìlú wá ra ìpín. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣe é lórí ìkànnì tí SEC, àjọ tó ń rí sí ọjà ìdókòwò, fọwọ́ sí. Òfin tí àjọ náà ṣe ní 2021 sì ní kí mẹ̀kúnnù má fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sí irú ìdókòwò bẹ́ẹ̀. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 gbé ìyà oníjìbìtì sogúndogójì dé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti owó ìtanràn tí kò dín ní 20 mílíọ̀nù náírà.

Ohun kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ olóye jẹ. Bí iléeṣẹ́ bá fi ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ hàn, ọ̀pọ̀ rò pé ìjọba ti jẹ́rìí sí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Rárá o. Ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé náà kì í dán ẹ̀rọ wò láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ewu rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjiníà Ẹdẹ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ẹ má dúró kí olówó tó béèrè. Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì yín ti ṣiṣẹ́ láìdúró, iye epo tó mu, ohun tó bàjẹ́, iye owó tó kù lápò àti oṣù tó lè gbé yín dé, kí ẹ sì pe olùkọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe tiyín pé kó wá wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tí owó wà lọ́wọ́ yín náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àṣírí ni ẹ̀rọ àwọn, pé àjèjì kò gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ di owó yín mú.