Àjọdánwò: Bí Ìlú Ṣe Ń Kọ́ Láti Sọ Ìdọ̀tí Di Ohun Ìlò

Láti àdúgbò Pleasure l'Ékòó dé àkìtàn Solous ní Ìgàndo kò jìnnà. Inú Alímọ̀ṣọ́ kan náà ni méjèèjì wà. Ohun tí ọkọ̀ PSP, ìyẹn àwọn aládàáni tó ń kó ìdọ̀tí, bá kó ládùúgbò wa, irú ibẹ̀ ló ń lọ. Èyí tí ọkọ̀ kò bá kó, gọ́tà ló ń gbé e, òjò ńlá kan ló sì máa fi ibi tó dí sí hàn wá. LAWMA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, máa ń sọ pé ìdọ̀tí tí Èkó ń dà nù lójúmọ́ tó tọ́ọ̀nù 13,000. Ìjọba sì ti kéde pé àwọn máa ti Solous 3 àti Olúṣòsùn tó wà ní Òjòtá pa. Ìyẹn ló fi yẹ ká bi ara wa léèrè ibi tí ike, ọ̀rá, páálí àti èèpo iṣu wa yóò máa gbà lọ.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní circular economy. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọrọ̀ ajé àlòtúnlò. Dípò ká ra nǹkan, ká lò ó, ká sì jù ú nù, a ó ṣètò ọjà wa kí ohun tí a ti lò lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ṣì dára, a ó tún un lò bó ṣe wà. Èyí tó bàjẹ́, a ó tún un ṣe. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe, ilé iṣẹ́ á lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n yọ́ ọ, kó di nǹkan mìíràn. Èyí tó ń jẹrà á di ajílẹ̀ tàbí gáàsì ìdáná.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ayé igo mínírà. Ẹ kò lè ra mínírà lọ sílé láìmú òfìfo igo dání. Bí ẹ kò bá ní igo, ẹ ó fi owó igo sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá dá a padà. Igo náà á wọ inú kéréètì, kéréètì á padà sí ilé iṣẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún rọ mínírà sí i. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí odindi igo nínú gọ́tà nígbà náà, nítorí owó wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí ike dé ni okùn yẹn já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, torí òun ni gbogbo àlàyé yìí rọ̀ mọ́: àlòtúnlò máa ń dúró nígbà tí gbogbo ẹni tí nǹkan náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá bá rí ìdí tí yóò fi dá a padà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ike kan ń gbà kọjá ní ìlú ńlá pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó rọ nǹkan mímu sí i, ìyá tó tà á, ọmọ tó mu ún, onílé tó ni àgbá ìdọ̀tí, awakọ̀ PSP, àwọn tó ń ti bárò, àwọn tó ń ṣa àkìtàn, ẹni tó ń rà á ní kílò, ilé iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́, kánsù, LAWMA. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè dá a ṣe. Kò sì sí ẹni tó lè jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá kó mọ ohun tí olúkúlùkù wọn yóò ṣe bí ètò bá yí padà.

Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní urban experimentation ti wúlò. Àjọdánwò ni a ó máa pè é. Ẹ wo télọ̀ tí iléèwé kan gbé yunifọ́ọ̀mù igba ọmọ fún. Bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní gé gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Á rán ẹyọ kan, ọmọ kan á wọ̀ ọ́ wò, olùkọ́ á wò ó, òbí á wò ó, wọ́n á rí ibi tó fún àti ibi tó ṣò, kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọdánwò: àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn á mú ojúlé díẹ̀ tàbí ọjà kan, wọ́n á dá ìgbà fún un, wọ́n á jọ gbìyànjú ètò tuntun níbẹ̀, wọ́n á sì kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Wecyclers. Bilikiss Adebiyi-Abiola ló dá a sílẹ̀ l'Ékòó ní 2012, lẹ́yìn tí èrò náà wá sí i nígbà tó ń kàwé ní MIT ní Amẹ́ríkà. Ohun tó fẹ́ yanjú, ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: àwọn òpópónà tóóró tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó ní ibi ìkẹ́rù sí i rọ́pò ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé á ya ike, ọ̀rá àti agolo sọ́tọ̀, ọlọ́kẹ̀kẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà, á wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì fi iye máàkì tí ìdílé náà gbà ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Máàkì yẹn ni wọ́n á fi gba oúnjẹ, káàdì ìpè tàbí ohun èlò ilé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. LAWMA bá wọn ṣe àjọṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí ètò náà ní ẹsẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn ìdílé ló ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀, iṣẹ́ tí kò sí ẹ̀rọ tó lè bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ àtúnlò ló ra ẹrù. Bí ẹnì kan nínú wọn bá yẹra, kẹ̀kẹ́ á dúró. Ètò náà gba ẹ̀bùn King Baudouin ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù fún 2018 sí 2019, ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí ju ẹ̀bùn lọ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, ẹgbẹ́ African Clean Up Initiative gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n bá iléèwé Morit International ṣe àdéhùn pé kí àwọn òbí máa kó ike wá, kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó iléèwé ọmọ. Ìrora tó wà lọ́kàn òbí ni wọ́n so ike mọ́, òbí sì dáhùn.

Ìlú Curitiba ní Brazil ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ àdúgbò àwọn tálákà níbẹ̀. Nígbà tó di 1991, kánsù bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aráàlú ní kílò kan èso àti ẹ̀fọ́ fún kílò mẹ́rin ohun àtúnlò tí wọ́n bá kó wá. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìtòsí ni wọ́n ti ń ra ẹ̀fọ́ náà, àgbẹ̀ tí ọjà rẹ̀ kò tà náà sì rí oníbàárà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìdọ̀tí tó ń jẹrà, torí òun ló pọ̀ jù ní irú ọjà bíi Ilé-Epo, òun náà la sì ń gbàgbé jù. Ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, lábẹ́ ètò Sustainable Ibadan ti àwọn ọdún 1990, ìjọba Ọ̀yọ́, àwọn ọlọ́jà àti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar ti ń ṣiṣẹ́, jọ dá ibùdó kan sílẹ̀ tó ń fi ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀. Pacesetter ni wọ́n sọ ajílẹ̀ náà. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ máa ń fi ìṣòro tí kò sí nínú ìwé hàn. Bí ọ̀rá bá wọ inú ẹ̀fọ́, ajílẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn; nítorí náà, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Bí àgbẹ̀ kò bá sì rà á, ibùdó á kàn di àkìtàn mìíràn. LAWMA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ náà ti dán sísọ èso jíjẹrà di gáàsì wò ní ọjà Ìkòsí ní Kétu.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí nígbà tí ìlú bá gé gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2017, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ Cleaner Lagos Initiative. Wọ́n gba kíkó ìdọ̀tí ilé lọ́wọ́ PSP jákèjádò ìpínlẹ̀, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn PSP lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2018, òkìtì ìdọ̀tí ti gba ojú ọ̀nà, nígbà tó sì yá wọ́n dá iṣẹ́ náà padà fún PSP. Èrò dáadáa wà nínú ètò yẹn. Lójú tèmi, ohun tí kò ní ni ìdánwò lórí àdúgbò díẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ti mọ òpópónà náà lójú oorun.

Àjọdánwò náà ní àléébù tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni pé ó lè kú sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Owó olùrànlọ́wọ́ á tán, àwọn oníròyìn á lọ, òṣùwọ̀n á dípẹtà. Ohun tí wọ́n bá rí kọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú òfin àti ìṣúná. Ní oṣù kìíní 2024, Kọmíṣọ́nnà fún Àyíká l'Ékòó nígbà náà, Tokunbo Wahab, kéde òfin tó de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń di oúnjẹ sí. Òfin lè mú abọ́ kúrò lọ́jà; àjọdánwò ló lè fi han olóúnjẹ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ tí èrè rẹ̀ kò fi ní dínkù. Owó ike náà kì í dúró sójú kan. Bí epo rọ̀bì bá wọ́n tàbí tó bá wálẹ̀, ó ń ti owó ike tuntun, ti ike àtúnlò sì ń tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá ti fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbé àdánù náà, ẹni tó ń ti bárò ni yóò gbé e.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Pleasure, òpópónà méjì àti ìlà kan nínú ọjà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ẹgbẹ́ onílé, ìyálọ́jà, PSP tó ń kó ìdọ̀tí yín, ẹnì kan láti LAWMA, ẹni tó ń ra ike, àti àwọn tó ń ti bárò. Ẹ má fi àwọn ìkẹyìn yìí sílẹ̀, torí wọ́n mọ iye tí ike ń lọ lónìí ju gbogbo yín lọ. Ẹ lo òṣùwọ̀n tí gbogbo èèyàn ń rí, kí ẹ kọ owó kílò kọ̀ọ̀kan sára ògiri. Ẹ dá oṣù mẹ́ta fún un. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye kílò tó bá wọlé tí ẹ ó fi tẹ̀ síwájú sí òpópónà kẹta, àti iye tó bá kù sí tí ẹ ó fi dáwọ́ dúró, kí ẹ sì tún ètò náà tò.