Nítorí òdòdó kànrìnkàn ayaba, obìnrin 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn!

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ṣé ẹ mọ kànrìnkàn ayaba? Ìtàkùn tó máa ń gun ọgbà, tí òdòdó rẹ̀ rí rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n, tí èso rẹ̀ bá sì gbẹ tán, àwọ̀n inú rẹ̀ la fi ń wẹ̀, la fi ń fọ abọ́. Òun ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé tí mo ń gbé n'Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá.

Ìyá Aláta tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ló gbìn ín. Wọ́n fún un ní èso gbígbẹ kan láti oko, ó gbọ̀n ọ́n, kóró dúdú pẹlẹbẹ ń já bọ́, àfi bí ẹ̀gúsí tí wọ́n yí nínú èédú. Ó rẹ kóró náà sómi mọ́jú nítorí èèpo rẹ̀ le. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin ti dúró dáadáa, ó rì í bọlẹ̀ lẹ́bàá ọgbà níbi tí oòrùn ti ń pa á, kò jìn ju oríkèé ìka 1 lọ, ó sì fi bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sáàárín wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tó fi hù. Káfíńtà ilé wa kan pákó àti wáyà mọ́ ọgbà fún un, torí ìtàkùn yẹn máa ń wúwo bó bá so, èso tó bá sì kanlẹ̀, jíjẹrà ni.

Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀ o. Mo ti ń gbọ́ pé ìgbẹ́ adìẹ dára, ni mo bá ru odindi àpò kan wá, mo da gbogbo rẹ̀ sídìí rẹ̀. Háà! Ewé bo ọgbà, ó fẹ́ẹ́ dí fèrèsé Bàbá Onílé. Òdòdó dà? Kò sí. Ìgbẹ́ adìẹ àpọ̀jù, ewé ló ń bọ́.

Ìgbà tó wá tanná lóṣù keje ni ìjà dé. Òdòdó á ṣí láàárọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 kọjá, èso kankan ò yọ. Ìyàwó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn máa ń da omi ọṣẹ síbẹ̀.

"Ìwọ lo fi omi ọṣẹ pa á!"

"Ìyá, ẹ má purọ́ mọ́ mi o. Ṣé èmi ni mo ní kí tiyín má so?"

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Aláta fi dá a lóhùn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó ti tó ọdún 4 tí ìyàwó náà ti ń wá ọmọ, gbogbo ilé ló sì mọ̀.

Bàbá Onílé fa àdá yọ, ó ní ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ dúró ná."

Mo já òdòdó kan, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wọ́n. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló wà ńbẹ̀. Akọ ni. Orí ìtàkùn kan náà ni akọ àti abo ń wà, ṣùgbọ́n akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, wọ́n á ṣùpọ̀ lójú kan. Wọ́n á fún oyin ní ìyẹ̀fun, wọ́n á sì rẹ̀ dànù; bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Abo máa ń dá wà ní tirẹ̀, èso kékeré bí ìka ọmọdé sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó ṣí. Oyin ló ń gbé ìyẹ̀fun láti ara akọ lọ sára abo, nítorí náà ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i nígbà tó bá ń tanná. Bí ẹ ò bá rí oyin, ẹ já akọ kan láàárọ̀, kí ẹ fi àárín rẹ̀ pa àárín abo.

Bàbá Onílé sọ àdá sílẹ̀. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn náà, abo àkọ́kọ́ yọ.

Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kánjú já. Ó máa ń tó oṣù 5 sí 6, ìgbẹ́ adìẹ mi ló jẹ́ kí tiwa pẹ́ di ìgbà ọyẹ́. Èèpo ti di bíráùn, ó fúyẹ́, bí ẹ bá mì í, kóró á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. A rẹ ẹ́ sómi, a bó o, a gbọn kóró rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, a fọ àwọ̀n náà títí omi fi mọ́, a sá a sóòrùn.

Kànrìnkàn 14 la rí. Ìyá Aláta mú 5 tó gùn jù, ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì kúnlẹ̀. Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ojú mi ló ṣe. Ìyàwó náà gbà á, ó tún tọrọ kóró 6. Àmọ́ títí dòní, "ẹ káàárọ̀ mà" lásán ló máa ń kí i, kì í dúró gbọ́ èsì.