Àfòpiná Tí Ń Ba Kábéèjì Jẹ́

Ẹ̀yin ará, àwa ará Ọ̀fà mọ ìjàkadì. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan ń bẹ lára kábéèjì tí kì í gbà kí a dá òun. Ọmọ àfòpiná kékeré ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Plutella xylostella. Bí a bá fọwọ́ kàn án, a máa fi ẹ̀yìn rìn, a sì fi òwú tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ewé. Ní 1953 ni ìròyìn ti erékùṣù Jáfà wá pé DDT kò ràn án mọ́. Àfikún oògùn a máa pa agbọ́n kéékèèké tí ń bá wa pa á, èyí tí ó bá sì kù lára ewé, àwa ni a óò jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pọ̀ jù. Nígbà náà, ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò, kí ẹ sì fi ọwọ́ ṣà á. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ hú kùkùté kábéèjì kúrò, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò tún ti máa pọ̀ sí i.